Ọtí Ọlọ́jọ́ Méje Tí A Pọn ní Adéwọlé

Ọdún tí imú ìyá mi kò gbóòórùn mọ́ ni ó sọ fún mi pé òun fẹ́ pọn ọtí. Ikọ́ àti ibà ló dá a wó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó dìde, agbára padà sí i lẹ́sẹ̀, ó ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò padà. Ó lè jókòó sí ilé ìdáná kí ẹ̀wà máa jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má mọ̀. Ìyàwó mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ọ̀fà tó sì ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, sọ fún un pé imú náà lè padà, ó sì lè má padà. Ìyá mi ní kò burú, òun ti gbóòórùn tó pọ̀ láyé òun.

Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Adéwọlé, ní Ìlọrin, nígbà náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Apọntí ni ní ìlú wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kó tó di pé ọtí ìgò gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ọtí ọkà bàbà ló ń pọn, òun ló sì fi rán mi lọ sílé ìwé. Tí mo bá rántí ìgbà èwe mi, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ọkà tó ń hù lábẹ́ ewé ní ẹ̀yìnkùlé wa, tí ìyá mi á máa ṣí i wò láàárọ̀ bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ọmọ.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kàdúná ni bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ bíríkìlà láti ìgbà ọ̀dọ́, ó wá ní òun fẹ́ padà sílé pátápátá nínú oṣù Kejìlá, òun á sì dúró lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà. Orí fóònù ló ti sọ ọ́, ìyá mi sì fi fóònù náà sí sípíkà kí n lè máa gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé ẹ lè pọn ọtí ọlọ́jọ́ méje dè mí?"

Ìyá mi tẹ̀ sún mọ́ fóònù náà. "Ṣé o ṣì rántí ìyẹn?"

"Láti ìgbà tí Ìyá wa ti kú ni mi ò ti fi ẹnu kàn án."

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ìyá mi ṣàlàyé fún mi. Oríṣi méjì ni ọtí tí ìyá tiwọn ń pọn. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pọn lónìí tí àwọn àgbẹ̀ á mu tán lọ́la, kò le, kì í pa ènìyàn. Ìyẹn ni òun jogún. Èkejì ni ọlọ́jọ́ méje, ọtí àgbà, tó jẹ́ pé ife kékeré ni wọ́n fi ń bù ú. Ìyẹn ṣòro. Bí ooru bá pọ̀ jù ó bàjẹ́, bí òtútù bá pọ̀ jù ó bàjẹ́, imú ni ìyá wọn sì fi ń mọ ibi tó dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òun fúnra òun pọn ọ́n rí, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dára.

"Imú yẹn ni mi ò ní mọ́ báyìí," ó ní. "Ìwọ ni wàá jẹ́ imú mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń tọ́jú yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé girama kan, mo sì ní tẹmọ́mítà nílé. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, a ò nílò imú.

Nínú oṣù Kẹta ni a kọ́kọ́ gbìyànjú, kí a lè mọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó di oṣù Kejìlá. Mo ra ọkà bàbà pupa ní ọjà Ìpàtà, ìyá mi sì fi eyín já a wò kó tó gbà pé ó dára. A rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan, a dà á sórí àpò, a fi àpò tútù bò ó. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ta gbòǹgbò funfun bí òwú. A sá a sóòrùn, a lọ̀ ọ́, a sè é, a sẹ́ ẹ, a tún omi rẹ̀ sè títí tó fi ki bí omi oyin. Gbogbo èyí rọrùn. Obìnrin kan tó ń ta ọtí bùrùkùtù fún wa ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀, torí òun ni yóò mú ọtí náà ṣiṣẹ́.

Ìyá mi ní, "Jẹ́ kó tutù ná. Ki ọwọ́ rẹ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Àfi tó bá tutù sí ọ lára kí o tó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i."

Mo ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́, ó ka ogójì. Ó ti di ọ̀sán, ó ti rẹ̀ mí, mo sì ti kà á níbì kan pé ìwúkàrà fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i. Mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì, mo rọ ọ́ kún dé ẹnu, mo dé e pinpin, mo gbé e sábẹ́ àtíbàbà páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìn ilé wa. Ìyá mi kò rí ìgbà tí mo ṣe é. Tó bá rí i ni, kì bá ti gbà.

Lẹ́yìn ògiri yẹn ni Àlájà ń gbé. Àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin níbí ni wọ́n bí i sí, ilé àwọn onímọ̀ kéwú, ó sì kó wá sí Adéwọlé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ògì ló ń ṣe. Ògì Àlájà kì í ní eèrí, kì í kan ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ènìyàn sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá rà á. Ògiri náà kò ga ju àyà ènìyàn lọ, orí rẹ̀ ló sì máa ń sá aṣọ asẹ́ rẹ̀ funfun sí.

Ọjọ́ kejì tí a pọn ọtí yẹn bọ́ sí Sátidé. Mo mọ̀ pé ọmọ-ọmọ Àlájà ń ṣe wòlímọ̀ píparí Kùránì lọ́jọ́ náà, nítorí ó ti mú ìwé ìpè wá fún wa. Àmọ́ n kò so ó pọ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì mi. Nǹkan bí aago méjìlá, tí oòrùn ti mú páànù gbóná, mo wà ní pálọ̀, mò ń wọ kaftáànì tí mo fẹ́ wọ̀ lọ bá wọn jókòó. Mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí táyà bẹ́. Mo gbọ́ èkejì. Mo sáré jáde.

Ìdérí kẹ́ẹ̀gì méjèèjì ti fò lọ. Ìfófòó ń tú jáde bí omi pọ́ǹpù, ó ti lu páànù, ó sì ti ta sórí ògiri. Gbogbo aṣọ asẹ́ Àlájà ti rin gbindin. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe òórùn ọtí ìyá mi rárá, ó dà bí tínà tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà. Ní ìhà kejì, lábẹ́ kánópì, ààfáà tó ń ṣe àdúrà dákẹ́. Mo rí bí wọ́n ṣe ń yí orí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbàlagbà tó wọ láwàní, àwọn obìnrin, ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣe wòlímọ̀ fún nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ojú Àlájà àti ojú mi ṣe mẹ́rin. Ààfáà náà bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀ padà.

Ìyá mi jáde wá, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tó tutù. "Kí ni òórùn rẹ̀ jọ?" ó bi mí.

Mo ní n kò lè ṣàlàyé.

"Gbìyànjú," ó ní. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tó ṣe é?"

N kò lọ sí wòlímọ̀ náà mọ́. Kí n sọ òótọ́, n kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun alásárì, èmi àti ìyá mi mú aṣọ asẹ́ tuntun lọ́wọ́, a lọ bẹ Àlájà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi fẹ́ kúnlẹ̀, Àlájà dì í mú.

"Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó." Ó yíjú sí mi. "Bàbá Ìbejì, ẹ dójú tì mí lánàá. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn ààfáà bi mí pé kí ni mo ń ṣe lẹ́yìn ògiri mi."

"Àlájà, ẹ forí jì mí. A ò ní pọn ọ́n mọ́."

"Mi ò sọ pé kí ẹ má pọn ọ́n. Ilé yín ni. Ẹ̀sìn yín kò kọ̀ ọ́, tèmi kọ̀ ọ́. Èmi ò ní fọwọ́ sí i, mi ò sì ní dá sí i. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí n mọ ọjọ́ rẹ̀, kí n lè mọ ọjọ́ tí mo máa pe ènìyàn."

Mo dúpẹ́, mo ti ń dìde. Àlájà gba aṣọ asẹ́ náà, ó nà án sójú oòrùn, ó wo ojú híhun rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ń yún un lẹ́nu.

"Ṣé ó ṣì gbóná nígbà tí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì?" ó béèrè.

Mo wo ìyá mi. "Ó gbóná díẹ̀."

Ìyá mi yíjú wò mí.

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọtí," Àlájà ní. "Tó bá jẹ́ ògì ni mo lè sọ. Nínú ooru báyìí, èmi kì í gbé ògì sábẹ́ páànù. Inú balùwẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù ni mo ń gbé e sí, mo sì máa ń fi àpò tútù wé bòkítì náà. Mi ò sì jẹ́ dé e pinpin. Ohun tó bá ń mí, ẹ kì í dí i nímú. Ògì ni mò ń sọ o."

"A gbọ́, Àlájà," ìyá mi fèsì. "Ògì ni."

Bí àwọn méjèèjì ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ògiri nírọ̀lẹ́, tí Àlájà á máa sẹ́ ògì ní ìhà tirẹ̀, tí wọ́n á sì jọ máa sọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ oríkèé ríro, àti ọ̀rọ̀ ọkọ tó ti kú. Tí ìyá mi bá fẹ́ béèrè nǹkan nípa ọtí, á ní, "Àlájà, tó bá jẹ́ ògì ńkọ́?" Àlájà á sì dá a lóhùn.

Nínú oṣù Kẹjọ, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, a tún un pọn. Mo sọ ọjọ́ rẹ̀ fún Àlájà. Lọ́tẹ̀ yìí mo ki ọwọ́ mi bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ bí ìyá mi ti wí, mo dúró títí ó fi tutù. Mo fi àyè tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ lókè, mo sì fi aṣọ dé ẹnu rẹ̀ dípò ìdérí. Ó ru ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ru ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta ó dákẹ́. Mo tọ́ ọ wò, ó ṣì ń dùn bí ṣúgà.

Ìyá mi tẹ̀ síwájú, ó gbé etí lé ara kẹ́ẹ̀gì. Mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó pa ojú dé, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ti sùn," ó ní. "Òtútù mú un, mo sì rò pé a bọ́ ọ yó jù. Ìyá wa kì í fún un lóúnjẹ rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ìlàjì. Ọjọ́ kejì, díẹ̀. Ọjọ́ kẹta, díẹ̀. Áà, mo ti gbàgbé ìyẹn pátápátá."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìyá òun ni, bó ṣe máa ń gbé igbá omi ọkà kékeré lọ sídìí ìkòkò láàárọ̀ bí ẹni ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn. Ó ti ń rí i láti kékeré, kò sì fìgbà kan béèrè ìdí rẹ̀.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ sítóófù, mo fi igi ro ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè dìde. Ó jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Kíkan ló kan, a fi da ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Inú ìyá mi kò bàjẹ́. Ó ní a ti mọ ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí a ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìlọrin nínú ọyẹ́, ooru ọ̀sán rẹ̀ àti òtútù òwúrọ̀ rẹ̀ kò bára mu rárá, n kò sì mọ èyí tí mo fẹ́ bá jà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sí balùwẹ̀ àlejò. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n, mo fi àpò tútù wé e, mo sì to ìgò omi dídì yí i ká. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo tú àpò náà, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì àwọn ìbejì mi tó ti lọ sí yunifásítì wé e. Mo ń kọ ohun tí tẹmọ́mítà bá kà sínú ìwé, n kò sì jẹ́ kó kọjá márùndínlọ́gbọ̀n. Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ìyá mi á gbé etí lé e, á sọ iye igbá omi ọkà tí mo máa dà sí i. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n má fún un ní nǹkan kan, ó ti yó. Mo ṣe bó ṣe wí. Ìwé mi kò lè sọ ìyẹn fún mi.

Òórùn rẹ̀ gba fèrèsé balùwẹ̀ jáde lọ sí ọ̀dọ̀ Àlájà. Ní ọjọ́ kejì ó pè mí lórí ògiri.

"Bàbá Ìbejì, ó ń run bí ògì ọjọ́ kejì. Ó dára."

Ní ọjọ́ kẹta ó tún ní, "Ó dára síbẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹrin mo lọ kí i, ó ń fọ agbọ̀n àgbàdo. Kò sọ nǹkan kan nípa òórùn. Mo bi í bóyá kò gbóòórùn rẹ̀ lónìí ni.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní, kò gbójú sókè. "Ó ti kúrò ní òórùn ògì. Láti òní lọ, tiyín ni. Ẹ má bi mí mọ́."

Mo sọ fún ìyá mi. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó ti di ọtí nìyẹn," ó ní.

A fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ keje. Kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀ mọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀, òkè rẹ̀ sì pọ́n mọ́ bí omi obì. A rọra rọ ọ́ sínú ìgò kí ìsàlẹ̀ má baà dàrú. Mo bu ṣíbí kan tọ́ wò. Kò dùn, kò kan, ó kàn lọ sísàlẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ooru rẹ̀.

Àbúrò ìyá mi dé ní Jímọ̀, nínú ọkọ̀ akérò, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ tí kò fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Kàdúná. Òun àti ìyá mi di ara wọn mú ní ẹnu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo bu ọtí náà sínú ife kékeré, mo fi ọwọ́ méjì gbé e fún un. Ó gbé e símú. Ó mu díẹ̀. Ìyá mi ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò.

"Ó kù díẹ̀," ó sọ níkẹyìn.

"Kí ló kù?"

"Ti Ìyá wa máa ń kan ju èyí lọ."

"Nítorí pé Ìyá wa máa ń kánjú ni. Ọjọ́ karùn-ún ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Ọlọ́jọ́ méje ní orúkọ lásán ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má parọ́ mọ́ òkú."

"Ta ló ń fọ ìkòkò rẹ̀, èmi tàbí ìwọ?"

Wọ́n ṣe àríyànjiyàn yẹn títí, nípa obìnrin tí n kò mọ̀ rí, nípa ọwọ́ líle rẹ̀, orin tó ń kọ, bó ṣe ń ta àbúrò ìyá mi nípàá tó bá ki ọwọ́ bọ ìkòkò. Bàbá náà na ife rẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kejì láìwo ojú mi. Ó tún nà án lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó yá, ó sùn lọ lórí àga. Ìyá mi fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá ní kí n bu díẹ̀ fún òun náà. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dá ife padà fún mi, ó sì fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá náà jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti na ẹsẹ̀. Mo gbọ́ tó kí Àlájà ní èdè Haúsá. Àlájà sì dá a lóhùn ní èdè Haúsá tó já geere, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé wọn ní Gàmbàrí ni wọ́n ń sọ ọ́. Láìpẹ́ wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo jáde sí wọn, Àlájà ti bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un lórí ògiri, ó ń mu ún lóòró, ìyá mi sì wà lórí àga rẹ̀ láàárín wọn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Kí lẹ ń sọ?" ó béèrè. "Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Àlájà, kí ló ń sọ nípa mi?"

Àwọn méjèèjì tún bú sẹ́rìn-ín. Mo bu omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ kẹ́ẹ̀gì.